Kábínẹ́ẹ̀tì onírin tó ti gbó: ẹ fọ̀ ọ́, ẹ kùn ún, ẹ lẹ sítíkà mọ́ ọn, àbí ẹ gbé e lọ síbi ààrò?

Kábínẹ́ẹ̀tì onírin kì í tètè kú. Èyí tí wọ́n ṣe ní nǹkan bí 60 ọdún sẹ́yìn ṣì lè wà lára ògiri, kí ilẹ̀kùn rẹ̀ máa ṣí kó sì máa tì, kó jẹ́ pé ọ̀dà tó ti pọ́n, hándù tó ti dípẹtà àti ariwo gbàgà tó ń pa ni gbogbo ẹ̀sùn tí wọ́n lè kà sí i lẹ́sẹ̀. Ìdí nìyẹn tí owó àtúnṣe rẹ̀ fi máa ń kéré sí ti ríra tuntun. Àmọ́ ọ̀nà àtúnṣe pọ̀, owó wọn ò sì dọ́gba. Kì í ṣe àwọ̀ tó wù yín ló máa pinnu èyí tí ẹ máa mú. Irin yẹn fúnra rẹ̀ ni: ibi tí ìpẹtà jẹ ẹ́ dé, àti bóyá ọ̀dà àtijọ́ ṣì dì mọ́ ọn.

Ẹ kọ́kọ́ yẹ irin wò

Ẹ fi mágínẹ́ẹ̀tì kàn án. Tó bá lẹ̀, irin ni. Tí kò bá lẹ̀, ó lè jẹ́ alumíníọ́ọ̀mù, práímà tiẹ̀ (ọ̀dà ìpìlẹ̀ tí wọ́n kọ́kọ́ ń kùn) sì yàtọ̀. Ẹ tún fi abẹ fá ibi kọ́lọ́fín kan dé irin. Bí ohun tó hàn bá ń dán tó sì ní àwòrán wẹ́wẹ́ lára bíi ti páànù òrùlé tuntun, wọ́n ti fi zinc bò ó. Ọ̀dà olóròóró kì í bá zinc gbé: zinc á máa sọ òróró inú ọ̀dà di ọṣẹ díẹ̀díẹ̀, ọ̀dà á sì bẹ̀rẹ̀ sí bó ní pẹlẹbẹ. Práímà tí wọ́n kọ galvanised sára rẹ̀ ló gbọ́dọ̀ wà láàárín wọn.

Lẹ́yìn náà, ẹ dán ọ̀dà àtijọ́ wò. Ẹ fi abẹ ya ìlà 6 sára rẹ̀, kí àlàfo àárín wọn jẹ́ mìlímítà 2, kí ẹ tún ya 6 mìíràn dábùú wọn. Ẹ lẹ téèpù tó lágbára mọ́ ọn, ẹ fọwọ́ tẹ̀ ẹ́, kí ẹ sì fà á lójijì. Tó bá jẹ́ etí ìlà nìkan ló bó díẹ̀, ọ̀dà yẹn lè gbé òmíràn. Tí àwọn onígun mẹ́rin kéékèèké yẹn bá bá téèpù lọ, gbogbo ohun tí ẹ bá kùn lé e lórí á bá a lọ náà, bó ti wù kó wọ́n tó. Ẹ ní láti bó o dé irin.

Ẹ tún fi òwú tó rin fún tínà líle (omi tí wọ́n fi ń la ọ̀dà) nu ibi kan tó fara sin fún bí ìdajì ìṣẹ́jú. Ọ̀dà tí ilé-iṣẹ́ yan nínú ààrò kì í yọ́. Tó bá yọ́ mọ́ òwú, ẹnì kan ti kùn ún lẹ́yìn tó kúrò nílé-iṣẹ́, ọ̀dà fífín sì lè mú kó hunjọ.

Ọ̀rọ̀ òjé kò ṣeé fojú fò. Ní Amẹ́ríkà, ọdún 1978 ni wọ́n fòfin de ọ̀dà olójé fún ilé gbígbé. Ibòmíràn pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Tí ẹ ò bá mọ ọjọ́ orí kábínẹ́ẹ̀tì yín, ẹ kà á sí olójé. Ẹ fi omi rin sáńpépà kí eruku má bàa fò, ẹ má fi iná bó ọ̀dà, ẹ lo ìbòmú onífílítà, kí àwọn ọmọdé àti aláboyún má sí nítòsí.

Bí wọ́n ṣe rí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn

| Ọ̀nà | Irin tó bá a mu | Owó | Ìgbà tó ṣeé lò dáadáa | Ibi tó ti ń kùnà |
|---|---|---|---|---|
| Fífọ̀ àti dídán | Ọ̀dà rẹ̀ pé, ó kàn ṣú ni | Ó kéré jù | Ọjọ́ kan náà | Kò lè bo àpá |
| Búrọ́ọ̀ṣì àti rólà | Ìpẹtà ojú, ọ̀dà tó ti há | Kékeré | Ọjọ́ 7 sí 30 | Àpá ọwọ́, ilẹ̀kùn tó ń lẹ̀ mọ́ férémù |
| Síprè agolo | Ilẹ̀kùn tó ṣeé tú | Àárín | Ọjọ́ 7 sí 30 | Ó ń ṣàn, ó ń hunjọ |
| Pẹ́ńtà mọ́tò | Ilẹ̀kùn tó ti gba pọ́tì (lẹ́ẹ̀ tí wọ́n fi ń tẹ́ ibi tó wọnú) | Ó ga díẹ̀ | Ọjọ́ díẹ̀ | Kò ṣeé ṣe nínú ilé |
| Ọ̀dà lúbúlúbú inú ààrò | Irin tó dá ṣáká, tó tú pátápátá | Ó ga jù | Tó bá ti tutù | Ooru ń ba ohun tó wà nínú ilẹ̀kùn jẹ́ |
| Sítíkà | Ojú pẹlẹbẹ tí kò ní ìpẹtà | Kékeré sí àárín | Ọjọ́ kan náà | Etí, àti ibi tó sún mọ́ iná |

Fífọ̀: ẹ má fò ó

Ọ̀pọ̀ kábínẹ́ẹ̀tì tí wọ́n ní ó ti bàjẹ́, ọ̀rá ló kàn bò ó. Èéfín orí iná á pò mọ́ eruku, wọ́n á di awọ rúsúrúsú tí ọṣẹ kì í ká ní fífọwọ́rá lásán. Ẹ rin aṣọ rírọ̀ sínú omi gbígbóná tó ní ọṣẹ ìfọbọ́, ẹ fi lé e lórí fún ìṣẹ́jú 5 kó lè rọ̀, kí ẹ tó nù ún. Ẹ má fi kànìnkànìn onírin há a. Ojú rẹ̀ tó jọ̀lọ̀ ló jẹ́ kó máa dán; tó bá ti há, ìdọ̀tí á rí ibi sá sí.

Tó bá mọ́ tán tó ṣì ṣú, rọ́bìn kọ́ńpáùn tí wọ́n fi ń dán ara mọ́tò ló kàn. Ẹ fi díẹ̀ sórí fóòmù, ẹ máa fi yí ibi tó jẹ́ 30 cm sí 30 cm lẹ́ẹ̀kan, ẹ nù ún kúrò kó tó gbẹ. Àwọ̀ kábínẹ́ẹ̀tì á máa wá sára aṣọ yín. Ọ̀dà tó ti kú lójú ni, kò burú. Àmọ́ tí àwọ̀ mìíràn bá bẹ̀rẹ̀ sí yọjú, práímà ni ẹ ti fá dé yẹn. Ẹ dáwọ́ dúró.

Ẹ rò ó dáadáa kí ẹ tó fi wáàsì parí iṣẹ́ náà. Ọ̀dà tuntun máa ń sá fún ibi tí wáàsì tàbí sílíkónì bá ti kàn, á fi ihò róbótó-róbótó sílẹ̀ káàkiri. Bó bá ṣeé ṣe kí ẹ kun kábínẹ́ẹ̀tì náà láìpẹ́, ẹ má fi wáàsì sí i. Òróró sílíkónì tí wọ́n ń fọ́n sí ínjìsì kó má bàa dún wà nínú ẹ̀ṣẹ̀ yìí náà.

Ìpẹtà ṣáájú ọ̀dà

Ọ̀dà kì í pa ìpẹtà tó ti wú. Ọ̀rinrin ti wà nínú rẹ̀, á sì máa jẹ irin lọ lábẹ́ ọ̀dà títí tó fi máa lé ròrò. Abẹ́ síńkì ìfọbọ́ ni kí ẹ yẹ̀ wò ju ibikíbi lọ, pàápàá ìsàlẹ̀ pátápátá tó sún mọ́ ilẹ̀. Ẹ fi irin ṣóńṣó tẹ̀ ẹ́. Tí páìpù bá ń jò níbẹ̀, òun ni kí ẹ kọ́kọ́ tún ṣe, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ iṣẹ́ ò tíì bẹ̀rẹ̀.

Tí ìpẹtà bá wà lójú nìkan, ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì onírin fá a, lẹ́yìn náà sáńpépà 80, kí ẹ fi 120 parí rẹ̀ (bí nọ́ńbà bá ṣe ń ga ni sáńpépà ń kúnná). Ẹ fá a kọjá etí rẹ̀ bíi sẹ̀ǹtímítà 2, nítorí ìpẹtà máa ń yọ́ wọ abẹ́ ọ̀dà tó dà bíi pé ó ṣì dára. Tó bá ti gbẹ́ ihò kéékèèké tí sáńpépà ò lè wọ̀, ẹ lo oògùn ìpẹtà, omi tó ní ásíìdì tannic tàbí phosphoric nínú, tó ń sọ ìyókù ìpẹtà di awọ dúdú líle. Orí ìpẹtà tó dì mọ́ irin ló ti wúlò. Kò ṣe nǹkan kan fún èyí tó ṣì ń já bọ́ wálẹ̀.

Tó bá ti lu jáde lódì kejì, ẹ gé e dé ibi tí irin ti le. Ẹ gé páànù tó fẹ̀ ju ihò náà lọ ní sẹ̀ǹtímítà 2 tàbí 3 ní gbogbo ẹ̀gbẹ́, ẹ fi gọ́ọ̀mù epoxy oníméjì lẹ̀ ẹ́ láti ẹ̀yìn, kí ẹ tó wá fi pọ́tì mọ́tò tẹ́ iwájú rẹ̀. Ẹ má fi pọ́tì nìkan dí ihò: kò ní ohun tó máa dì mú lẹ́yìn, ó sì ń fa omi mu.

Irin tó bá ti hàn, ẹ fi práímà bò ó lọ́jọ́ yẹn gan-an. Tó bá sùn mọ́jú láìbò, ìpẹtà tí ojú ò tíì lè rí ti gbà á.

Búrọ́ọ̀ṣì àti rólà, tàbí síprè?

Ibí ni ọ̀pọ̀ èèyàn máa fẹnu kò sí, nítorí náà ẹ jẹ́ ká ṣírò ọ̀dà. Ká ní ilẹ̀kùn 10 ló wà, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ 40 cm sí 60 cm. Ojú kan jẹ́ 0.24 m², ojú méjèèjì ilẹ̀kùn mẹ́wẹ̀ẹ̀wá jẹ́ 4.8 m². Ojú dúrọ́ọ̀ 4 tó jẹ́ 40 cm sí 15 cm fi 0.24 m² kún un. Férémù tó wà lára ògiri lè tó 2 m². Gbogbo rẹ̀ jẹ́ bíi 7 m². Lítà kan ọ̀dà enamel (ọ̀dà líle tó ń dán) ń kun nǹkan bí 10 m² lẹ́ẹ̀kan, torí náà kíkùn lẹ́ẹ̀mejì gba nǹkan bíi lítà kan ààbọ̀, práímà ẹ̀ẹ̀kan ò sì tó lítà kan. Agolo síprè 400 ml kì í bo ju nǹkan bí 1 m² lọ tí ẹ bá fẹ́ kí àwọ̀ àtijọ́ má hàn mọ́. Ilẹ̀kùn àti dúrọ́ọ̀ nìkan á gba agolo 5 tàbí 6, práímà ò sí níbẹ̀ o. Owó agolo kan kì í fi bẹ́ẹ̀ dẹ́rù bani, ìyẹn ló ń tan èèyàn jẹ. Ẹ rò ó pọ̀ kí ẹ tó rà á.

Ọ̀nà méjèèjì ló fẹ́ ìmúrasílẹ̀ kan náà: kí ẹ tú ilẹ̀kùn àti hándù, kí ẹ kọ nọ́ńbà sẹ́yìn ilẹ̀kùn kọ̀ọ̀kan lábẹ́ ibi tí ínjìsì máa bò, kí ẹ fọ ọ̀rá kúrò, kí ẹ fi sáńpépà 220 pa dídán rẹ̀ títí tí kò fi ní tàn mọ́, kí ẹ nu eruku. Ẹ fọ̀ ọ́ kí ẹ tó fi sáńpépà kàn án. Ẹni tó bá kọ́kọ́ fi sáńpépà há a, ọ̀rá ló ń tẹ̀ wọnú ìlà wẹ́wẹ́ yẹn.

Tí ẹ bá fẹ́ lo rólà, ẹ wá èyí tó jẹ́ fóòmù kíkì, tó gùn ní nǹkan bí 10 cm. Igun àti etí nìkan ni búrọ́ọ̀ṣì wà fún. Ẹ tẹ́ ilẹ̀kùn sílẹ̀ gbalaja, ọ̀dà á lè tẹ́ fúnra rẹ̀. Lára ohun tó dúró ṣánṣán, ṣe ló máa ṣàn. Tó bá ki jù, ẹ fi tínà tí wọ́n kọ sára agolo rẹ̀ là á díẹ̀, kó má ju ìdá mẹ́wàá lọ. Láàárín kíkùn kìíní àti ìkejì, ẹ fi sáńpépà 320 rá a fẹ́ẹ́rẹ́. Aṣọ tí ẹ bá fi nu ọ̀dà olóròóró, ẹ má ká a jọ sí kọ̀rọ̀: òróró tó ń gbẹ lára rẹ̀ ń mú ooru jáde, ó sì lè gbiná fúnra rẹ̀. Ẹ nà á síta kó gbẹ.

Nípa irú ọ̀dà: olóròóró le, ó sì ń tẹ́ dáadáa, ṣùgbọ́n funfun rẹ̀ máa ń pọ́n níbi tí ìmọ́lẹ̀ kì í dé, bíi inú kábínẹ́ẹ̀tì. Enamel olómi kì í pọ́n bẹ́ẹ̀, òórùn rẹ̀ ò sì le, àmọ́ omi inú rẹ̀ á mú kí irin tó wà ní ìhòòhò dípẹtà kí ọ̀dà tó gbẹ tán, àmì pupa á sì yọ jáde lójú funfun. Fún kábínẹ́ẹ̀tì funfun, práímà irin tó jẹ́ olóròóró nísàlẹ̀, enamel olómi lókè, ni a fara mọ́. Ọ̀dà ògiri ò níṣẹ́ níbí, kódà èyí tó ń dán. Kì í le tó. Ilẹ̀kùn á máa lẹ̀ mọ́ férémù, ọjọ́ tí ẹ bá sì fà á gidi, awọ rẹ̀ á ṣí.

Síprè ń ṣe ojú tó dán ju ti rólà lọ, pàápàá lára etí ilẹ̀kùn onírin tó máa ń tẹ̀ róbótó. Ẹ mi agolo fún ìṣẹ́jú kan tàbí méjì lẹ́yìn tí ẹ bá ti gbọ́ ìró bọ́ọ̀lù inú rẹ̀. Ẹ jìnnà sí irin ní 25 sí 30 cm. Ẹ ti máa tẹ̀ ẹ́ kí ọwọ́ tó dé etí ilẹ̀kùn, ẹ má sì jáwọ́ títí ẹ ó fi kọjá etí kejì. Kí ìlà kọ̀ọ̀kan gun ìdajì èyí tó ṣáájú rẹ̀. Lẹ́yìn fífín àkọ́kọ́, àwọ̀ àtijọ́ ṣì gbọ́dọ̀ máa hàn gààràgà. Ẹni tó bá fẹ́ bò ó mọ́lẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo ló máa ń rí ọ̀dà tó ń ṣàn.

Aago ló ń ba síprè jẹ́ jù. Wọ́n sábà máa ń kọ ọ́ sára agolo enamel pé kí ẹ tún un fín láàárín wákàtí kan, tàbí kí ẹ dúró di wákàtí 24 tàbí 48. Wọn ò kọ ọ́ ṣeré. Láàárín ìgbà méjèèjì yẹn, ojú ọ̀dà ti gbẹ ṣùgbọ́n inú rẹ̀ ṣì rọ̀. Tínà tuntun á wọ inú rẹ̀, á mú un wú, gbogbo rẹ̀ á hunjọ. Tó bá ti ṣẹlẹ̀, ẹ má fín òmíràn lé e. Ẹ jẹ́ kó gbẹ fún ọjọ́ mélòó kan, ẹ fi sáńpépà tẹ́ ẹ, kí ẹ tún bẹ̀rẹ̀.

Ìta ni kí ẹ ti fín in, lọ́jọ́ tí atẹ́gùn ò pọ̀, tí òjò ò sì ṣú. Tó bá di dandan kó jẹ́ abẹ́ òrùlé, ẹ ṣí gbogbo fèrèsé, ẹ pa gáàsì àti gbogbo iná tó ń jó, torí ohun tó ń ti ọ̀dà jáde nínú agolo ń gbiná. Férémù tó wà lára ògiri, ẹ má fín in nínú ilé ìdáná; eruku ọ̀dà á bà sórí gbogbo nǹkan. Rólà ló tọ́ sí i.

Pẹ́ńtà mọ́tò àti ààrò

Pẹ́ńtà mọ́tò lè fín ilẹ̀kùn 10 pa pọ̀, ọ̀dà alápòpọ̀ rẹ̀ sì le gidi, omi gbígbóná àti ọ̀rá kì í tètè ràn án. Ó mọ pọ́tì lò, torí náà ilẹ̀kùn tó ti tẹ̀ wọnú bá iṣẹ́ rẹ̀ mu. Ẹ tú ilẹ̀kùn lọ bá a ni o. Ẹ má jẹ́ kó wá fín in nílé yín: kẹ́míkà kan tó ń jẹ́ isocyanate wà nínú ọ̀dà yẹn, ó lè ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́, ìbòmú bébà kì í sì í dá a dúró.

Ọ̀dà lúbúlúbú, èyí tí àwọn oníṣẹ́ ń pè ní powder coating, ló le jù nínú gbogbo wọn. Wọ́n á fi iná mànàmáná mú kí ìyẹ̀fun ọ̀dà lẹ̀ mọ́ irin, wọ́n á sì yan án ní nǹkan bíi 180 sí 200°C fún ìṣẹ́jú 10 sí 20. Ibẹ̀ gan-an ni wàhálà ti ń bẹ̀rẹ̀ fún ilẹ̀kùn àtijọ́. Irin méjì tí wọ́n dé mọ́ra ni ọ̀pọ̀ wọn, wọ́n sì ti páálí tàbí nǹkan mìíràn sáàárín rẹ̀ kó má bàa dún. Páálí yẹn á jó, èéfín rẹ̀ á sì gba ojú ihò jáde sára ọ̀dà. Pọ́tì mọ́tò á là tàbí kó lé ròrò. Ibi tí wọ́n fi òjé àti tánńganran jó pọ̀ lè tú, torí ó máa ń bẹ̀rẹ̀ sí yọ́ ní 183°C. Ẹ kan ilẹ̀kùn náà pẹ̀lú ìka: tí ohùn rẹ̀ bá kú, tí kò ró gooro, nǹkan wà nínú rẹ̀. Ẹ sọ fún oníṣẹ́ kó tó gba owó.

Ìbéèrè kejì ni bí wọ́n ṣe máa bó ọ̀dà àtijọ́. Iyanrìn tí wọ́n ń fi afẹ́fẹ́ alágbára fọ́n lù ú lè mú kí ojú irin tó fẹ̀ tó sì tín-ín-rín wọ́, kò sì ní padà tẹ́. Ẹ ní kí wọ́n fi oògùn bó o, tàbí kí wọ́n dín agbára afẹ́fẹ́ kù. Ẹ jẹ́ kí wọ́n dí gbogbo ihò sukúrù, torí ọ̀dà yìí nípọn, sukúrù ò ní wọlé mọ́. Owó á dín tí ẹ bá gba àwọ̀ tí wọ́n ti ń lò lọ́wọ́ fún iṣẹ́ ẹlòmíràn. Férémù ṣì wà lára ògiri o: tí ẹ ò bá tú òun náà, ilẹ̀kùn á máa dán yàtọ̀ sí i.

Sítíkà

Fún ilé àyágbé, òun ló rọrùn jù, torí ó ṣeé ṣí kúrò. Irin tó jọ̀lọ̀ ló sì ń gbà á dáadáa jù. Ẹ gé e kó fi sẹ̀ǹtímítà 2 tàbí 3 yọ ní gbogbo etí, ẹ ṣí bébà ẹ̀yìn rẹ̀ díẹ̀díẹ̀ láti òkè, ẹ máa fi pátákó pẹlẹbẹ ti afẹ́fẹ́ jáde, kí ẹ ká ìyókù sẹ́yìn ilẹ̀kùn. Ní igun róbótó, ẹ fi ẹ̀rọ ìgbẹrun mú un gbóná kó lè nà. Ó máa ń ṣí lókè iná àti níbi tí ooru omi gbígbóná ń gbá lójoojúmọ́, ìpẹtà sì ń jẹ irin lọ lábẹ́ rẹ̀ láìsí ẹni tó rí i. Ẹ má lẹ̀ ẹ́ síbẹ̀.

Hándù, ínjìsì àti ariwo

Kí ẹ tó ra hándù tuntun, ẹ wọn àlàfo àárín ihò méjèèjì láti àárín dé àárín. 76 mm wọ́pọ̀ lára àwọn àtijọ́. 96 mm àti 128 mm ló wọ́pọ̀ lára tuntun. Tí wọn ò bá dọ́gba, hándù tó ní àwo gígùn lẹ́yìn á bo ihò àtijọ́ mọ́lẹ̀, iṣẹ́ rẹ̀ sì kéré sí ti dídí ihò.

Tó bá di dandan kí ẹ lu ihò tuntun, ẹ lẹ téèpù síbẹ̀, ẹ fi ìṣó lu àmì kékeré kí dírílì má bàa yọ̀, ẹ fi 3 mm bẹ̀rẹ̀, kí ẹ fi 5 mm parí rẹ̀ fún sukúrù 4 mm. Ẹ fi ọ̀dà tọ́ etí ihò yẹn kí ẹ tó fi sukúrù sí i, ibẹ̀ ni ìpẹtà tuntun ti sábà ń bẹ̀rẹ̀. Tí sukúrù bá gba irin méjèèjì kọjá, ẹ ki páìpù kékeré tí gígùn rẹ̀ bá àlàfo inú ilẹ̀kùn mu sáàárín wọn. Láìsí i, bí ẹ bá ṣe ń fún sukúrù ni irin iwájú á máa tẹ̀ wọnú.

Rọ́bà kékeré méjì sí igun ilẹ̀kùn kọ̀ọ̀kan á pa ariwo gbàgà yẹn. Tí kò bá tó, rọ́bà oníbítúmẹ́ẹ̀nì tí wọ́n ń lẹ̀ sínú ilẹ̀kùn mọ́tò lẹ́yìn ilẹ̀kùn á mú kí ohùn rẹ̀ wúwo. Lẹ́yìn tí ẹ bá kun ún tán ni o.

Èwo ni ká wá mú?

Tí téèpù ò bá bó ọ̀dà àtijọ́, tí ìpẹtà ò sì sí, ẹ fọ̀ ọ́, ẹ dán an, kí ẹ fi owó tó kù ra hándù. Tí ìpẹtà bá wà lójú tàbí àwọ̀ ọ̀hún ò bá wù yín mọ́, ẹ pín iṣẹ́ sí méjì: rólà fún férémù, síprè fún iwájú ilẹ̀kùn, kí ẹ̀yìn ilẹ̀kùn gba rólà bí owó ò bá tó. Ẹ ra àwọ̀ kan náà láti ilé-iṣẹ́ kan náà, kí dídán wọn sì bára mu. Pẹ́ńtà mọ́tò fún ilẹ̀kùn tó ti wọ́ tàbí tó ti gba pọ́tì. Ààrò fún ẹni tí irin rẹ̀ dá ṣáká, tó máa tú gbogbo rẹ̀ kúrò lára ògiri, tó sì fẹ́ lò ó pẹ́. Ìsàlẹ̀ abẹ́ síńkì tó ti jẹ káàkiri kò yẹ fún ìkankan nínú wọn; ẹyọ kan yẹn ni kí ẹ pààrọ̀.

Ọ̀dà tó gbẹ lójú kò tíì le. Ẹ jẹ́ kí ilẹ̀kùn wà ní ṣíṣí fún ọjọ́ 7, ẹ má lẹ rọ́bà tàbí kó abọ́ wúwo sínú rẹ̀ kó tó di ìgbà yẹn, ẹ má sì fi ọṣẹ líle fọ̀ ọ́ fún oṣù kan. Tí èékánná yín bá ṣì ń fi àmì sílẹ̀ lára rẹ̀, ẹ fi ọjọ́ mélòó kan kún un.